Bàtà Ọ̀kùn

Àlọ́ mi rìn, ó rìn, ó yà sílé èèrà, ó bá Àṣàbí aránbàtà tó ń kùn. Ọ̀kùn ní òun á máa gbé gbogbo wọn lọ sọ́jà, tí wọ́n bá lè rán bàtà fún gbogbo ẹsẹ̀ òun.

"Gbogbo ẹsẹ̀ kẹ̀! Tata tó ń gbé wa ní méjì-méjì, bàtà wo ló bèèrè?"

Àṣàbí ń kùn, ó ń rán an, títí ó fi parí.

Lọ́jọ́ tí àgbàrá òjò ya wọlé, Tata gbé méjì, ó fò lọ. Ọ̀kùn tẹ́ ẹ̀yìn sílẹ̀, gbogbo ilé gùn ún, tọmọtọmọ Àṣàbí:

"Ọ̀kùn, rọra o!"
"Gbé wa dókè!"

Nígbà tí wọ́n dókè, bàtà kan ti há sínú ẹrẹ̀. Àṣàbí kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣeun o, Bàbá. Ẹ gbé ẹsẹ̀ yẹn wá."

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi jókòó tì í, ó ń bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́.