“A Dúpẹ́” Bàbá Sherifdeen

Nígbà yẹn, Bàbá Sherifdeen ṣì wà láyé, ó ń fi ìyàwó rẹ̀, ìyá ẹlẹ́ja Òkè-Àfá, tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ẹ̀gún ẹja àrọ̀ lásán ló gún ọ, o wá ń gba omi sára bí ìyàwó ọba.”

Dókítà rẹ́rìn-ín. “Kòkòrò ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn, bàbá. Bí wọ́n ṣe tètè wá ló gbà wọ́n là.”

“Èmi kì í pa ìrora mọ́ra,” ni ìyá wí. “Mo ké, gbogbo àdúgbò gbọ́.”

“Ẹ̀yin náà ńkọ́, bàbá? Ṣé ara le?” ni dókítà bi í.

“A dúpẹ́,” ni bàbá fèsì. Ta ló ń dáhùn ìkíni pé ara òun ò le?

Dókítà kọjá lọ. Ìyá na ọwọ́ gbá ọkọ rẹ̀ léjìká ṣeré, ara bàbá gbóná bí ààrò.

“Bàbá Sherifdeen, kí ló ṣe yín?”

“Ẹja kan náà ló gún èmi náà. Mo rò ó pé kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú tìrẹ ná. Má pariwo.”

Ìyá figbe ta, dókítà sáré padà. Wọ́n fa omi sí bàbá lára, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Àárọ̀ tí wọ́n ní kí ìyá ẹlẹ́ja máa lọ sílé ni Bàbá Sherifdeen kú.