Ta Ló Fẹjọ́ Igi Láyíwọlá Sùn?

Wọ́n ti ki igi Láyíwọlá bọnú ẹ̀rọ báyìí.

Igi tó fi ń gbá softball ni, eré tí wọ́n ti máa ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù. Láàárọ̀ yìí ni ẹnìkan kọ e-mail sí líìgì pé igi náà ń ta bọ́ọ̀lù ju bó ṣe yẹ lọ. Ni wọ́n bá ní àwọn máa yẹ̀ ẹ́ wò kí ìdíje ìlú Garland tó bẹ̀rẹ̀.

Láyíwọlá dijú. "Olúwa, dá mi lóhùn lónìí."

Bàbá ìyàwó rẹ̀ jókòó síwájú. Láti Mansfield ni wọ́n ti wakọ̀ wá wo àna wọn.

Ẹ̀rọ dún. Ọkùnrin tó ń yẹ igi wò mi orí. Ó ní agbára rẹ̀ ti pọ̀ jù, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi gbá bọ́ọ̀lù mọ́.

Timothy, kápúténì wọn, fò sókè. "Ta ló fẹjọ́ wa sùn?"

Láyíwọlá mí kanlẹ̀. "Ayé le, Timothy. Láìsí igi yẹn, mi ò lè gbá o. Ẹ fi ẹlòmíì rọ́pò mi."

Ó sáré wọ mọ́tò, ó tilẹ̀kùn, ó yọ fóònù, ó sì pa e-mail tó kọ sí líìgì láàárọ̀ rẹ́.

Oṣù mẹ́ta ló fi ń sọ fún bàbá ìyàwó rẹ̀ pé òun ni akọni ẹgbẹ́. Láti oṣù mẹ́ta náà, igi rẹ̀ kò tíì kan bọ́ọ̀lù rí.

Ẹnìkan kan gíláàsì mọ́tò kó-kó-kó. Bàbá ìyàwó rẹ̀ ni, wọ́n gbé igi dání.

"Timothy ní kó o lo tòun. Ó yá, ọmọ mi! Gbogbo ẹbí ti wà lórí fídíò, wọ́n ń wò ẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́."