Òrùka Tó Tàn Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Ìgbẹ̀bí

Lọ́jọ́ tí Ìyá Moróhunfólú fẹ́ lọ gbé àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ tuntun, ó na ọwọ́ sábẹ́ iná ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí, bí gbogbo ayé ti ń ṣe. Iná náà kì í purọ́: ibi tí kòkòrò àrùn bá wà a máa tàn yanranyanran. Ọwọ́ mọ́, àfi abẹ́ òrùka tí olóògbé ọkọ rẹ̀ fi sí i lọ́wọ́, tí kò yọ rí láti àádọ́ta ọdún.

Ìbídùnní, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ló ń ṣọ́nà. Ó kúnlẹ̀ kí i gan-an láàárín ẹnu ọ̀nà, kò sì dìde, kí Ìyá má baà rí ọ̀nà kọjá.

"Ọwọ́ tó nùdí fún ọ lo ń lé sẹ́yìn yìí?"

"Ọwọ́ yẹn kọ́, Màmá, òrùka ni. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọjọ́ méjì ò tíì mọ ogun jà."

Ìyá rántí ìyá tirẹ̀, tó sin ọmọ mẹ́ta láì mọ ohun tó pa wọ́n. Ó fi ọṣẹ yọ òrùka, ó fọwọ́ títí kò fi tàn mọ́, ó sì gbé ọmọ.

Nígbà tó délé, àwọn aládùúgbò bi í pé báwo lọmọ.

"Ọmọ dára," ni ó wí tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ṣùgbọ́n ẹ jókòó, kí n kọ́kọ́ sọ fún yín nípa ẹni tó dá mi dúró."