Fi Ọwọ́ Ara Rẹ Ṣe É

Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ àpòòtọ̀ ìyàwó káfíńtà, ikùn ni ìtọ̀ rẹ̀ ń gbà jáde. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọ inú ihò tí àwọn dókítà ṣí síbẹ̀, ìtọ̀ á sì gba inú rẹ̀ bọ́ sínú àpò tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ọlọ́run kò fọmọ ta wọ́n lọ́rẹ, ọkọ ló ń tọ́jú rẹ̀. Á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ẹnu ihò náà, á nù ún gbẹ, á da ìtọ̀ nù kí àpò tó kún. Kò yínmú rí.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ọkọ kó ẹní rẹ̀ lọ sí pálọ̀. Kò bá a jẹun mọ́. Bí fóònù rẹ̀ bá dún, á jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ìyàwó á sì máa gbọ́ ohùn obìnrin kan jẹ́jẹ́ láti ojú fèrèsé.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ gbé ọṣẹ àti abọ́ omi síwájú rẹ̀.

"Fi ọwọ́ ara rẹ ṣe é."

"Olówó orí mi, ọwọ́ mi ń gbọ̀n."

"Jẹ́ kó máa gbọ̀n. Ṣe é."

Ìtọ̀ dà sí i lẹ́sẹ̀. Ọkọ jókòó sórí àpótí, ó ń wò ó, kò na ìka kan sí i.

"Rọ́bà yẹn ti ká. Bí ìtọ̀ kò bá ríbi gbà, kíndìnrín rẹ ló máa padà sí. Ta ni yóò wá bá ọ tú u?"

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ọkọ ti abọ́ omi náà sún mọ́ ọn. Ó ní kó tún un ṣe.

Ó yé obìnrin náà. Omi tuntun ti rú, ẹja tuntun ti wọ̀ ọ́. Ta ni yóò máa gbóòórùn ìtọ̀ títí ayé? Ìbínú ló fi ń kọ́ ọ lójoojúmọ́, títí ọwọ́ rẹ̀ fi dúró, tí ẹ̀kán kan kò ta sílẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ fa bẹ́líìtì rẹ̀ dé ihò tó kẹ́yìn, ó gbé báàgì.

"Mo ń lọ."

"Ẹ bá mi kí i."

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà díẹ̀.

"Máa dà á nù kó tó kún," ló wí, ó sì jáde. Ìyàwó kò wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí obìnrin kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì fi kanlẹ̀kùn, ohùn ojú fèrèsé yẹn ló sì fi sọ̀rọ̀: "Ìyá, àtìgbà òjò àkọ́kọ́ la ti ń bẹ Bàbá kí wọ́n wá gba bẹ́ẹ̀dì ní ọsíbítù, wọ́n ní ó di ìgbà tí ẹ bá mọ̀ ọ́n ṣe fúnra yín, àárọ̀ yìí ni wọ́n dákẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́."