Pẹ́pẹ́yẹ Tí Kò Fẹ́ Tẹ̀ Lé Obìnrin

Àlọ́ mi rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀, ó dá lórí akọ pẹ́pẹ́yẹ kan. Láti kékeré ló ti ń tò sẹ́yìn ìyá rẹ̀ lọ sódò. Nígbà tó tó gbéyàwó, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, ó wá ń kọrin kiri:

Obìnrin wo ni n ó tẹ̀ lé?
*Kò sí, kò sí!*
Ta ni yóò ṣíwájú mi?
*Kò sí, kò sí!*

Ó mú Adìẹ jáde, ó ní òun ó fi ṣaya. Adìẹ rọra tò sẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Olówó orí mi, ọ̀nà wo la ó gbà?" Pẹ́pẹ́yẹ wọ̀tún, ó wòsì. Ìdí igi ọsàn kan ṣoṣo ni wọ́n ń yí ká títí ó fi sú Adìẹ, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, abo pẹ́pẹ́yẹ kan ń kọjá. Kò tilẹ̀ kí i, ó kàn ní, "Ìwọ, gbésẹ̀, oòrùn ti ń mú!" Kó tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, akọ pẹ́pẹ́yẹ ti tò sẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n pàdé ìyá rẹ̀ lọ́nà odò, bàbá rẹ̀ ń tẹ̀ lé e.

"Bàbá, mo ti rí ìyàwó!"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Mo rí i. Èmi náà kọ orin yẹn, àfìgbà tí ìyá rẹ kọjá. Ó yá, gbè é."

Ni bàbá àtọmọ bá ń kọ ọ́ lọ lẹ́yìn ìyàwó wọn:

Obìnrin wo ni n ó tẹ̀ lé?
*Kò sí, kò sí!*