Ọ̀gá Ó-ń-dún àti Áńpù Béèsì Rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ààbọ̀ kí ẹ wá jù ú sílẹ̀. Ẹ dákun, ẹ kà á tán. Inú ló bí mi tí mo fi kọ ọ́, nítorí irú ọkùnrin yìí ti pọ̀ jù láàárín wa.

1.
Ọkùnrin kan ní sítúdíò tí àwọn olórin ti máa ń ṣe ìdánrawò. Ibẹ̀ dára lójú. Ó kun ògiri, ó ra àga tìmùtìmù, ó gbé dígí ńlá kọ́ kí àwọn oníbàárà lè máa ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n áńpù béèsì, ìyẹn àpótí tó ń gbé ohùn gìtá béèsì jáde, sípíkà rẹ̀ ti ya. Bí ẹ bá ti ta okùn tó nípọn jù, ńṣe ni yóò máa gbọ̀n rìrì bí ìkòkò tí ọmọrí rẹ̀ kò jókòó dáadáa. Tí ẹnikẹ́ni bá ráhùn, ọkùnrin yìí á ní, "Ṣé kò dún ni? Ó ń dún!" Bó ṣe di Ọ̀gá Ó-ń-dún nìyẹn.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá kan náà, ló ń ta béèsì fún ẹgbẹ́ olórin kan tó ń lo sítúdíò náà. Obìnrin yìí mọ béèsì ta. Ká sọ òótọ́, nítorí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olórin ṣe ń wá síbẹ̀.

2.
Ilé ìtura ńlá kan wá ń wá ẹgbẹ́ tí yóò máa ṣeré fún wọn ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Wọ́n pe ẹgbẹ́ àbúrò yìí àti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn kí wọ́n wá ṣeré kí àwọn gbọ́. Ó ti pẹ́ tí obìnrin yìí ti ń ṣeré káàkiri, lónìí ìhín, lọ́la ọ̀hún. Iṣẹ́ yìí ni yóò jẹ́ kí òun náà ní ibi tó lè pè ní ibi iṣẹ́ òun. Gbọ̀ngàn ilé ìtura náà kò ní áńpù tirẹ̀, Ọ̀gá Ó-ń-dún sì ní òun ni yóò gbé irinṣẹ́ wá.

"Bọ̀dá, ẹ dákun," ni àbúrò rẹ̀ wí, "ẹ tún áńpù yẹn ṣe, àbí kí ẹ yá òmíràn. Mi ò gbọ́ ara mi tí mo bá ń ta béèsì."

"Ta ló ń gbọ́ béèsì? Ẹni tó ń kọrin ni wọ́n ń wò."

"Ẹ ra dígí, ẹ ò tún sípíkà ṣe. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá!"

"Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn? Ó dáa, fọkàn balẹ̀. Màá tún un ṣe."

3.
Ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ àtúnṣe tó ṣe? Ó ṣí ẹ̀yìn áńpù, ó mú aṣọ ìbora ogbó kan, ó kì í bọ inú rẹ̀ kí gbígbọ̀n náà lè rọlẹ̀. Lóòótọ́, ó rọlẹ̀. Ó wá fi aṣọ dúdú tuntun bo iwájú àpótí náà, ó nù ún títí ó fi ń dán.

Ihò tí ooru ń gbà jáde ló dí yẹn o, ẹ̀yin ará! Áńpù tó bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀ máa ń gbóná, òun náà sì mọ̀. Ó kàn ní kí ọjọ́ yẹn ṣáà ti kọjá ni.

4.
Ọjọ́ pé. Orin àkọ́kọ́ lọ geere. Nínú orin kejì, ohùn béèsì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Àbúrò yí bọ́tìnnì, kò rí ìyàtọ̀. Ó fi gbogbo agbára ta okùn títí ìka fi ń ro ó. Lójijì, áńpù dákẹ́ pátápátá. Onílù kò mọ ibi tí yóò tẹ̀lé mọ́, akọrin ṣi ẹsẹ̀ orin, gbogbo wọn bá dúró.

Mánéjà ilé ìtura, obìnrin kan tí kò fẹ́ràn àwáwí, béèrè pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé irinṣẹ́ ni, àbí ẹni tó ń lò ó?"

Àbúrò wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà rò ó pé bí òun bá fi lè ní irinṣẹ́ ni, ilé ìtura yìí kò ní gba irinṣẹ́ òun mọ́ láé.

"Irinṣẹ́ mi ò ní àbùkù kankan, mà," ló wí. "Ọwọ́ ẹ̀ ni. Tí ẹ̀rù bá ti bà á, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Ẹ gbà mí o! Ọmọ ìyá rẹ̀ o!

5.
Mánéjà ní kí ẹgbẹ́ tó kàn bọ́ síwájú. Ẹni tó ń ta béèsì fún wọn gbé áńpù tirẹ̀ dání. Ó fẹ́ sún áńpù tó kú náà kúrò lọ́nà, ó bá fa ọwọ́ yọ.

"Yéè! Kí lẹ sè sínú ẹ̀?"

Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fa aṣọ ìbora jáde. Apá kan ti jóná, òórùn rẹ̀ gba gbogbo gbọ̀ngàn. Ọkùnrin náà bá fa wáyà áńpù tirẹ̀ fún àbúrò yìí, ó ní kó ta á. Nígbà tó ta á, ilẹ̀ gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀.

Mánéjà mi orí. "O mọ̀ ọ́n ta, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ò yẹ irinṣẹ́ ẹ̀ wò kó tó dé iwájú èèyàn, mi ò lè fi àlejò mi lé e lọ́wọ́."

Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ nìyẹn.

Ọ̀gá Ó-ń-dún sáré bá àbúrò rẹ̀ níta. "Àbúrò mi, má bínú. Iṣẹ́ èṣù ni."

"Èṣù kọ́ ló ki aṣọ bọ̀ ọ́, Bọ̀dá. Mo ti ń fara da áńpù yẹn tipẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lójú gbogbo èèyàn yẹn ni mi ò lè fara dà."

Ó gbé gìtá rẹ̀ kọ́ èjìká, ó lọ. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

6.
Ẹgbẹ́ rẹ̀ kò padà sí sítúdíò náà mọ́. Àwọn olórin yòókù gbọ́, àwọn náà yà sí ibòmíràn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá wọn ní kí ọkùnrin náà má tíì yọjú sí òun.

Ìgbà yẹn ló tó ra áńpù tuntun, ojúlówó. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀: "Wá gbọ́ bó ṣe ń dún. Tìẹ ni."

Àbúrò fèsì: "Ẹ ṣeun, Bọ̀dá. Mo ti rí ibòmíràn."

Áńpù náà ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí di òní. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé e wá kò tíì kúrò lára rẹ̀, nítorí Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò mọ gìtá ta.

Ẹ̀yin tí ẹ ní sítúdíò, ẹ̀yin tí ẹ ń yá olórin ní irinṣẹ́, àní ẹ̀yin oníṣẹ́ gbogbo, ẹ gbọ́ o: ohun tó bá bàjẹ́, ẹ tún un ṣe, ẹ yé fi aṣọ bò ó. Bí àṣírí bá sì tú, ẹ gba ẹ̀bi yín, ẹ má dì í lé ọmọ ọlọ́mọ lórí, áḿbọ̀sìbọ́sí ọmọ ìyá yín. Áńpù ṣeé pààrọ̀, èèyàn kò ṣeé pààrọ̀. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó bá kàn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán: ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.