Sọ fún Bàbá Rẹ

Aago mẹ́ta ọ̀sán ti kọjá nígbà tí Bádéjọ dé láti ilé iṣẹ́ aṣọ ní Kakuri, ní Kaduna. Òwú funfun ṣì wà lórí irun rẹ̀ àti lórí ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sálúbàtà pupa kékeré tó wà níbẹ̀, ó sì jókòó.

Olúyẹ́misí, ìyàwó rẹ̀, wà nídìí iná. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Moyin," ó ní, "sọ fún bàbá rẹ pé omi ìwẹ̀ ti wà ní bálùwẹ̀."

"Moyin, sọ fún ìyá rẹ pé mo gbọ́."

Báyìí ni wọ́n ti ń ṣe é láti ọdún mẹ́ta. Moyinọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ni wọ́n ń rán sí ara wọn. Bí iyọ̀ bá tán, Moyin ni. Bí lẹ́tà bá ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, Moyin ni. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé ní Narayi, nítorí náà kò sí iṣẹ́ tí ẹni tí wọ́n rán an sí kò fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Ọmọ ọdún méje ni Moyin nígbà tí ìjà náà bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́ kó ráhùn.

Àwọn ará ilé kò mọ èyí tí wọn ì bá ṣe. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Hàwáwù tó wà ní yàrá kejì wá tọrọ ìṣáná.

"Sannu, Ìyá Moyin. Ṣé ẹ lè yá mi ní ìṣáná?"

"Moyin," Olúyẹ́misí ní, "bi bàbá rẹ bóyá ìṣáná wà lápò rẹ̀."

Hàwáwù wolẹ̀. "Haba, ẹ má ṣèyọnu," ó ní, ó sì padà lọ́wọ́ òfo.

Ohun tó fa ìjà náà kò tó nǹkan létí ẹni. Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Mọ́ọ̀ṣì, nígbà tí ooru mú jù, Olúyẹ́misí ní kí wọ́n máa lọ lójú ẹsẹ̀. Bádéjọ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé, ní ó ti rẹ òun, kí wọ́n dúró di àárọ̀. Ibi tí wọ́n fẹ́ lọ kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ. Wọ́n dúró. Láti àárọ̀ náà, kò sí èyí tó tún pe orúkọ èkejì.

Nígbà tí Bádéjọ wẹ̀ tán, ó rí báàgì ìyàwó rẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn. Wọ́n ti fi okùn dì í.

"Moyin, sọ fún bàbá rẹ pé mò ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní Sátidé. N kò ní padà wá."

Bádéjọ wo báàgì náà pẹ́.

"Moyin, bi ìyá rẹ pé ṣé yóò mú ọ lọ ni."

Olúyẹ́misí ki igi bọ iná. "Sọ fún un pé Kaduna níbí lo máa wà."

Bádéjọ rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Bí ìyá bá lọ, ta ni òun yóò tún máa rán Moyin sí? Ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ pe Bàbá Dáramọ́lá, ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn Yorùbá àdúgbò wọn.

Bàbá náà fi ọ̀pá tilẹ̀ dé. Àpótí kékeré kan wà nítòsí ẹnu ọ̀nà. Ó wò ó, kò jókòó lé e. Ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"N kò wá pa òwe o," ó ní. "Gbogbo èyí tí mo mọ̀ ni mo pa lọ́dún tó kọjá, ẹ jẹ ẹ́ bí ẹ̀pà."

"Moyin," Bádéjọ ní, "sọ fún Bàbá pé wọ́n káàbọ̀."

Bàbá Dáramọ́lá fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "Mo darúgbó ni, n kò tíì dití! Èmi ni kí o bá sọ̀rọ̀. Fi ọmọ yẹn sílẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ ń rán an ti tó. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Nídìí iná, ọ̀bẹ ń gé ilá lọ.

"Bádéjọ, ta ni ò ń bínú sí?"

"Ẹni tó ní ká dúró di àárọ̀."

"Ta ni?"

Bádéjọ wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. "Èmi ni, Bàbá. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè wo ojú Yẹ́misí. Mo wá sọ ọ́ di ìbínú."

Ọ̀bẹ dákẹ́. Olúyẹ́misí jáde wá, ilá ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wo ọkọ rẹ̀ lójú.

"Bàbá Moyin," ó ní, "ẹ̀yin lẹ ní ká dúró. Ṣùgbọ́n èmi náà lẹ́sẹ̀. N kò dìde. Mo sùn lọ. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń bínú sí yín, kí n má bàa rántí pé mo sùn."



"Ó ti rẹ̀ mí," Bàbá Dáramọ́lá ní. "Ṣé ilé yìí kò lómi ni?"

Bádéjọ la ẹnu, ó pa á dé, ó tún là á. "Yẹ́misí, ṣé omi tútù wà?"

"Ó wà, Bàbá Moyin."

Ó bu omi wá, ó sì jókòó ti báàgì náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn rẹ̀.

Ní Sátidé, Bàbá Dáramọ́lá ṣíwájú àwọn méjèèjì lọ sí itẹ́ òkú, ó sì fi ọ̀pá tọ́ka sí òkìtì kékeré tí òun àti ọkùnrin mẹ́ta mọ lé Moyinọlá lórí ní ọ̀sán ọjọ́ tí sánkàráù, àrùn ọrùn líle, pa á kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, èyí tí àṣà kò jẹ́ kí ìyá àti bàbá rẹ̀ fojú rí láti ọdún mẹ́ta. Wọ́n dúró níbẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀, wọn kò sì rán an níṣẹ́ kankan.